Mo ń wá ibi tí àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀ ti ń pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́ Àìkú, 11:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mi ò kọ nǹkan síbí rí, tiyín ni mo máa ń kà. Orúkọ tí mo fi wọlé yìí kì í ṣe orúkọ mi, ẹ má bínú. Ògbómọ̀ṣọ́ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà ni mí. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo níyàwó, Ọlọ́run sì fún wa lọ́mọ mẹ́ta. Mo fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, ọtí ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa a máa bu ògógóró fún wa láàárọ̀ kí ara lè gbóná, a sì kà á mọ́ ara iṣẹ́. Nígbà tó yá, ti inú ọ̀rá ni mò ń rà, torí ó ń wọ àpò, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ní oṣù Èrèlé 2024 tí NAFDAC dìde sí ọtí inú ọ̀rá, inú mi dùn, mo ní bóyá Ọlọ́run ló ń bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi di oníbàárà ìyá tó ń ta paraga lẹ́bàá gáréèjì.

Ní báyìí, tí mo bá jí láàárọ̀ tí mi ò tíì mu, ọwọ́ mi kì í dúró. Mi ò lè fa ìlà tó tọ́ sórí pákó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé oúnjẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ mi. Ó wá di orí pákó náà mú, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú kó má mì." Pákó kọ́ ló ń mì. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn tí ọtí ti di bárakú fún máa ń pàdé, wọ́n á jókòó, wọ́n á bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ń tibẹ̀ rí ìtúsílẹ̀. Ṣé irú ẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé wọ́n ń gbowó? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mùsùlùmí ni mí, ojú ń tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Tí mo bá débẹ̀ tí mo pàdé oníbàárà mi ńkọ́? Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgboyà. Mi ò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúró síbí, èmi náà fẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Jagun_Ìlú | Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ò tó nǹkan ìpàdé. Ọkùnrin tó bá ti pinnu pé òun ò mu mọ́, ó ti tán. Bàbá mi mu ún fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi jáwọ́. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ tìlẹ̀kùn mọ́ra yín fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí i pé ara yín á balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àpáké | Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ọmọ_Ajílété, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí Jagun_Ìlú sọ yìí. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè pa yín.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti rí èyí ní wọ́ọ̀dù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó ń mu níwọ̀nba lè jáwọ́ lọ́jọ́ kan kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n títí yóò fi mu tàárọ̀, ara rẹ̀ ti gbára lé e. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé: ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá di ojoojúmọ́, ọpọlọ náà á máa ti ara rẹ̀ sókè kó má baà sùn lọ. Tí ẹ bá wá yọ ọtí lójijì, ọpọlọ ò mọ̀ pé ohun tó ń tẹ òun ti lọ, á ṣì máa tì. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, ọwọ́ á gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òógùn á bo èèyàn, èébì á máa gbé e, oorun á dá lójú rẹ̀. Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn mìíràn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa sáré, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà. Èyí tó ń pa èèyàn nìyẹn.

Torí náà, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ní ìlú wa níbí, LAUTECH Teaching Hospital wà, ọsibítù Bowen náà wà, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Bàtíìsì. Tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an, ẹ má gé e kúrú nítorí ìtìjú, torí iye yẹn ni wọ́n fi máa mọ ìwọ̀n oògùn tó máa mú ara yín rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á fún yín ní fítámì B1 pẹ̀lú, nítorí ọtí kì í jẹ́ kó dúró lára, àìtó rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ jẹ́ pátápátá. Ẹ má lọ ra oògùn kankan fúnra yín ní kẹ́míìsì. Tí ẹ bá ti rí dókítà, ẹ bi í nípa ìpàdé. Àwọn tó ń tọ́jú ààrùn ọpọlọ ló sábà máa ń mọ ibi tí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ má dá a dúró lójijì. Mo mọ̀ pé ó ṣàjèjì kí nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Jagun_Ìlú | Ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tẹ̀lé ohun tí mo sọ.

Bàbá_Aláṣọ | Ọjọ́ Ajé, 9:35 alẹ́

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ẹni ọdún 58 ni mí, ọdún kẹsàn-án sì rèé tí n kò fi ọtí kan ẹnu. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, ara mi ló ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi kọjá ohun tí ilé lè gbé, ẹbí gbé mi lọ sí ilé àdúrà kan lẹ́yìn ìlú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, omi gan-an kò sí. Ọjọ́ kejì ni gìrì gbé mi ṣánlẹ̀, mo fi eyín gé ahọ́n ara mi. Wọ́n ní ẹ̀mí ọtí ló ń jáde, wọ́n fi pàṣán kún un. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń rí èèrà lára ògiri, èèrà ń gun apá mi, mo ń fi èékánná họ wọ́n kúrò títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Kò sí èèrà kankan níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló wá gbé mi kúrò. Ọ̀kadà la gùn, èmi láàárín, òun lẹ́yìn, ó sì fi gèlè rẹ̀ dè mí mọ́ ara rẹ̀ kí n má baà já bọ́ lójú títì.

Dókítà tó rí mi kò bú mi. Ó bi mí pé, "Bàbá, ìgbà wo lẹ mu gbẹ̀yìn?" Fún ọdún márùn-ún, ohun tí gbogbo èèyàn ń bi mí ni pé kí ló ṣe mí, kí ló sún mi débẹ̀, ta ló ṣe mí. N kò mọ èyí tí mo lè dáhùn nínú wọn. Tirẹ̀ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ìpàdé wà. Alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. A lè tó mọ́kànlá, nígbà mìíràn a ò ju mẹ́fà lọ. N kò ní kọ ibẹ̀ síta, nítorí àwọn tó ń wá. Kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, n ó júwe rẹ̀. A kì í gbowó. Ẹni tó bá ní nǹkan lọ́wọ́ lè ju ú sínú agolo kan fún ṣúgà àti búrẹ́dì, ẹni tí kò ní á jẹ búrẹ́dì náà. Kò sí ẹni tó máa fi dandan mú ọ sọ̀rọ̀. Ìpàdé mẹ́rin ni mo fi jókòó tí n kò la ẹnu, wọ́n sì ń kí mi káàbọ̀.

Ní ti oníbàárà tí o ń bẹ̀rù, jẹ́ n bi ọ́ ní nǹkan kan. Láago méje àárọ̀, tí o bá dúró níwájú ìyá oníparaga, àwọn wo ló ń kọjá? Gbogbo gáréèjì ti rí ọ. Ẹni tó bá rí ọ lọ́dọ̀ wa, ohun tó gbé ọ wá náà ló gbé òun náà wá.

Ìyá_Ìbejì_Ìjẹrù | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ níbí. Ọkọ mi ṣì ń mu. Mo ti da ọtí nù sí kòtò ìdọ̀tí, mo ti tọ́jú owó sínú gaàrí, mo ti pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù pé ibà ló dá a gúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo pa irọ́ ibà yẹn fún ìgbà kẹta nínú oṣù kan ni mo mọ̀ pé ọtí tí mi ò mu ti ń darí èmi náà.

Ọmọ_Ajílété, ẹ sọ fún ìyàwó yín. Ẹ má rò pé kò mọ̀. Òórùn ọtí wà lára ìrọ̀rí tó ń fọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, ìyẹn ló sì yẹ kó gbọ́.

Bàbá_Aláṣọ, ẹ kú ilé sà. Ṣé ìyàwó náà lè wá sí ìpàdé yín?

Abú_Mardiyyah | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Asalaamu alaykum. Mi ò fẹ́ da omi tútù sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn, ìbéèrè òdodo ni mo ní. Mo gbọ́ pé ìlànà àwọn ẹgbẹ́ yìí ti Òyìnbó ni, pé wọ́n máa ń ní kí èèyàn fi ayé rẹ̀ lé agbára kan lọ́wọ́. Agbára wo? Ọtí ti jẹ́ èèwọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ̀sìn mìíràn kọ́ ni arákùnrin wa máa lọ bá níbẹ̀?

Arákùnrin, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìtìjú ló lé yín kúrò ní mọ́ṣáláṣí, ẹ máa bọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ò dí.

Bàbá_Aláṣọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:05 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Nínú ìpàdé mẹ́rin, a máa ń ṣí ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹbí àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, àwa tí ọtí bá jà nìkan ni. Àwọn aya àti ẹbí ọ̀mùtí náà ní ẹgbẹ́ tiwọn kárí ayé, Al-Anon, láti 1951. Ìyàwó ọ̀kan lára àwọn tó dá ti àwa ọ̀mùtí sílẹ̀ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, torí òun náà ti fojú rí tirẹ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ tí a bá ṣí i. Bí ọkọ yín kò bá tíì ṣe tán, ẹ̀yin ẹ wá.

Abú Mardiyyah, wa alaykumu salaam. Ìbéèrè tó dára ni. Ìlànà tí à ń tẹ̀lé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ní ìlú Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Bill bá òwò lọ síbẹ̀, òwò náà forí ṣánpọ́n. Oṣù mélòó kan péré ló tíì fi jáwọ́ nínú ọtí. Ó dúró nínú hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín láti ibi tí wọ́n ti ń mutí, ọkàn rẹ̀ sì ń fà síbẹ̀. Dípò kó wọlé, fóònù ló gbé, ó ń pe àwọn tí kò mọ̀ rí títí ó fi rí ẹni tó mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀mùtí mìíràn tó lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni, Bob lorúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Òkúdù 1935, ọjọ́ tí dókítà náà mu gbẹ̀yìn, ni wọ́n kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous (A.A.). Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé kì í ṣe ìwàásù ló gbà á là lọ́jọ́ náà. Ẹni tó mọ ọ̀nà tó ti gbà ló rí bá sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 12 ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé a gbà pé apá wa kò ká ọtí mọ́, pé ayé wa ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n mẹ́nu kan Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú wa, Mùsùlùmí wà, Onítẹ̀bọmi wà, ọ̀kan sì ń bọ Ògún. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan wá sí ẹ̀sìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ ni pé kó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Ẹgbẹ́ tiwa kéré, a kò sí lábẹ́ ẹnì kan, ìlànà wọn la kàn ń lò.

Abú_Mardiyyah | Ọjọ́ Ọjọ́rú, 5:40 àárọ̀

Jazaakallahu khayran, bàbá. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mi ò dá yín lóhùn. Ọsibítù ni mo wà. Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó dákẹ́ títí, ó wá dìde, ó lọ kó aṣọ mi méjì sínú àpò. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, a ti wà lójú ọ̀nà.

Dókítà bi mí ní iye tí mò ń mu, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹnu mi wúwo, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ iye náà. Wọ́n dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Òógùn bò mí, mo bì, ṣùgbọ́n gìrì ò mú mi. Nọ́ọ̀sì_Àpáké, ọ̀rọ̀ yín ló gbé mi débẹ̀. Ká ní mo tìlẹ̀kùn mọ́ra mi ni.

Mo ti dé ilé. Láàárọ̀ yìí mo fa ìlà kan sórí pákó, ó tọ́ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àpáké | Ọjọ́ Àìkú, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ọlọ́run ṣeun. Ẹ má jẹ́ kí oògùn tí wọ́n fún yín kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ sì padà lọ lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí: àgbo. Ẹ̀yìn á máa dun yín, torí iṣẹ́ yín, ẹnì kan á sì ní kí ẹ lo àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí ti jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ bi í pé kí ló fi ṣe é. Èyí tí wọ́n fi omi tàbí omidùn sè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Paraga gan-an, ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di oògùn, ọtí ló gbé wọn. Mo ti rí ẹni tó ti jáwọ́ fún ọdún kan tó tún padà síbẹ̀ nítorí ìdajì ife àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tó sì ń búra pé òun ò mutí. Òun náà ò mọ̀.

Jagun_Ìlú | Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́

Mo ti ń ronú láti ìjọ́sí. Wọ́n ń pa á nítàn fún wa pé ìyàwó Ògúnlọlá tó tẹ ìlú yìí dó ló ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí àwọn èèyàn fi ń péjọ sí àgbàlá wọn. A bá ọtí nílé, a fi ń kí àlejò, a fi ń sọmọ lórúkọ, a fi ń sìnkú. Bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń yá wa láti sọ pé ẹni tó ṣìnà nínú rẹ̀ kò ní ìwà. Bàbá mi tí mo ní ọjọ́ kan ló fi jáwọ́: mo bi ìyá mi lánàá. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà lórí ẹní, tí òun ń bu omi sí i lẹ́nu, tí òun rò pé yóò kú. Ọmọdé ni mí nígbà náà, wọ́n gbé wa lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá wa. Mi ò mọ̀ títí di àná.

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́ Ẹtì, 12:31 òru

Mo lọ sí ìpàdé lónìí. Mi ò wọlé.

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí iná tó ń tàn nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn wọn, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mọ́. Mo dúró sábẹ́ igi máńgòrò títí ìṣẹ́jú ogún fi kọjá, ọlọ́kadà kan sì bi mí bóyá mo ń lọ. Mo gùn ún. Ó já mi sí gáréèjì. Ife kan ni mo mu. Mo dúró de ara mi kí n ra èkejì, mi ò rà á. Mo fẹsẹ̀ rìn délé láti ibẹ̀. Ìyàwó mi gbóòórùn rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé omi fún mi, ó kọjú sógiri.

Mo kọ ọ́ síbí torí mi ò fẹ́ parọ́ fún yín.

Bàbá_Aláṣọ | Ọjọ́ Ẹtì, 5:05 àárọ̀

Àbúrò mi, o kú òru. Èmi náà dúró sábẹ́ igi máńgòrò yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Pe dókítà rẹ láàárọ̀ yìí, sọ ife kan náà fún un, nítorí oògùn tó wà lára rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹun. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, má dá nìkan wá. Pàdé mi ní Tákíé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fìlà pupa wà lórí mi. Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ kò gbé, a ó jọ dúró sábẹ́ igi náà. Bí o bá fẹ́ padà, a ó jọ padà, ilé mi la ó sì lọ jẹ àmàlà láfún, kì í ṣe gáréèjì.

Ìyá_Ìbejì_Ìjẹrù | Ọjọ́ Ẹtì, 6:00 àárọ̀

Ìyàwó yín tó kọjú sógiri yẹn, kò sùn. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde lónìí.

Akẹ̀sán_Ọ̀yọ́ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀yọ́ ni mo wà, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀rọ̀ kàn. A ò rí ìpàdé kankan ládùúgbò wa, mi ò sì rò pé á lè máa wọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ará_Lókè_Òkun | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:44 alẹ́

Mo ń gbé ní ìlú Òyìnbó, ọdún kẹfà mi rèé nínú A.A. Fóònù lè gbé yín débẹ̀. Ẹ wá Online Intergroup of Alcoholics Anonymous lórí Google, wọ́n to àwọn ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó ń lọ tọ̀sántòru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo Zoom. Òfẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n yín lè pa kámẹ́rà, kó lo orúkọ mìíràn, kó kàn máa gbọ́. Tí dátà bá wọ́n, kó fi ohùn nìkan wọlé. Èdè Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ni ìṣòro tó wà níbẹ̀, torí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ tán nínú èdè yẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

Ẹ gbé e lọ rí dókítà náà. Ìbàdàn ò jìnnà sí yín, UCH ní àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka fún àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún. Tí ẹ bá rí ẹnì kejì ní Ọ̀yọ́ tó fẹ́ jáwọ́, ìpàdé ti wà. Èèyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ ti Akron.

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́ Ẹtì, 10:18 àárọ̀

Mo wọlé.

Mo rí fìlà pupa ní Tákíé. Bàbá ò bi mí ní nǹkan kan, oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló ń sọ fún mi títí a fi débẹ̀. Nígbà tí a dé ìdí máńgòrò, ó dúró, ó wò mí. Mo ní ká máa lọ.

Yàrá ìkàwé àwọn ọmọdé ni. A B D wà lára ògiri, pẹ̀lú àwòrán ajá lábẹ́ A. Àga wọn kékeré, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi. Mẹ́jọ la jẹ́. Wọ́n bu tíì fún mi, ife náà gbóná, ọwọ́ mi sì gbọ̀n, ó dà díẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyá àgbàlagbà kan kàn ti rágì sí mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyá yẹn ta ọtí fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó di pé ó ń mu èrè rẹ̀.

Oníbàárà tí mò ń bẹ̀rù wà níbẹ̀. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ èyí. Ó san owó kọ́bọ́ọ̀dù fún mi ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì mu owó náà. Mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí mo bá gbúròó ọ̀kadà rẹ̀. Òun ló jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo wọlé, ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ́ síta. Àga ló fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Nígbà tó kan òun láti sọ̀rọ̀, ó sọ pé òun fi ọtí ta ilẹ̀ tí bàbá òun fún òun. Mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin yẹn láti ọdún 2019, mi ò mọ̀.

Mi ò sọ̀rọ̀. Orúkọ mi nìkan ni mo sọ, tòótọ́, kì í ṣe ti ibí yìí. Nígbà tí wọ́n túká, ó bá mi rìn dé títì. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù náà lè dúró dìgbà tí ọwọ́ mi bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí n wá sọ fún òun ní pàtó ìgbà tó máa jẹ́, kí n má gba ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo máa lọ bá a lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì_Àpáké | Ọjọ́ Ẹtì, 1:02 ọ̀sán

Mo ń sunkún níbi iṣẹ́ o.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́ Ẹtì, 11:56 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 22 ni mí. Mo rò pé mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ọtí ń bá jà, ṣùgbọ́n mi ò rántí bí mo ṣe dé yàrá mi lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù yìí. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n láàárọ̀. Ṣé wọ́n máa gbà mí?

Ọmọ_Ajílété | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:33 àárọ̀

Wọ́n máa gbà ọ́, àbúrò. Má dúró di ìgbà tí ọwọ́ á máa gbọ̀n. Lọ́jọ́bọ̀, wà ní Tákíé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wá fìlà pupa, èmi ni mo máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi á ní àmì pólíìṣì lápá òsì. Bí ẹsẹ̀ rẹ ò bá gbé nígbà tí a bá débẹ̀, igi máńgòrò kan wà.